ÌPẸTÀ INÚ Ẹ̀JẸ̀

Àwọn àgbà ní oúnjẹ ẹnìkan, èèwọ̀ ẹlòmíràn ni. A máa ń rò pé ọ̀rọ̀ orílẹ̀ àti òrìṣà nìkan ni wọ́n ń fi òwe yìí sọ: ìdílé kan kì í jẹ eku, òmíràn kì í jẹ ìgbín. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kan wà tí kò mọ orílẹ̀, tí ó sì wà lára bí ọkùnrin 1 nínú 5 ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò mọ̀ pé àwọn ní in. Wọ́n á jẹun, wọ́n á ṣiṣẹ́, wọ́n á gbó, wọ́n á tọ́, nǹkan kan kò ní í ṣe wọ́n. Àfi ọjọ́ tí wọ́n bá gbé oògùn kan mì. Tàbí ọjọ́ tí wọ́n ṣì wà ní ọmọ tuntun, tí wọ́n gbé aṣọ wọ̀ wọ́n, aṣọ tí ó ti bá káńfọ̀ sùn nínú àpótí. Ọjọ́ náà ni ẹ̀jẹ̀ wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́.

Ohun tí kò tó lára àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní G6PD. Bí ayé ṣe wá mọ̀ ọ́n, ìtàn tó gba ojú ogun kọjá ni, tó gba ọgbà ẹ̀wọ̀n kọjá, kó tó wọ Ìbàdàn. Ìtàn náà la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ fara balẹ̀ bá wa ká lọ.

IRIN Ń DÍPẸTÀ, Ẹ̀JẸ̀ NÁÀ Ń DÍPẸTÀ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tó mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ́n ni àwọn hóró kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ̀jẹ̀ tó bá kán sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, hóró inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù 100 lọ. Inú hóró kọ̀ọ̀kan ni purotéènì kan wà tí wọ́n ń pè ní hẹmoglóbíìnì, tó ní irin nínú. Òun ló ń gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nínú ẹ̀dọ̀fóró, tó ń rù ú kiri gbogbo ara. Hóró kan a máa ṣe iṣẹ́ alááru yìí fún bí ọjọ́ 120, kí ara tó mú un kúrò, kí tuntun tó rọ́pò rẹ̀.

Ọ́síjìn yìí kan náà ló ń mú kí àdá dípẹtà lórí àjà. Ẹni tó ń ru epo ni epo ń ta sí láṣọ. Hóró ẹ̀jẹ̀ tó ń ru ọ́síjìn tọ̀sán-tòru, kò sí bí ọ́síjìn ò ṣe ní í bà á lára jẹ́. Lójoojúmọ́ ni díẹ̀ nínú ọ́síjìn náà ń yapa, tó ń di oró, tó ń bu purotéènì jẹ. Purotéènì tó bá ti dípẹtà báyìí á ká kò, á lẹ̀ mọ́ èkejì rẹ̀, á di kókó. Kò wúlò mọ́.

Àwọn hóró mìíràn nínú ara, bíi ti ẹ̀dọ̀ tàbí ti iṣan, mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Purotéènì tó bá ṣeé tún ṣe, wọ́n á tún un ṣe. Èyí tí kò bá ṣeé tún ṣe, wọ́n á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á rọ òmíràn dípò rẹ̀, nítorí pé ìwé ìlànà tí wọ́n fi ń rọ purotéènì wà lọ́wọ́ wọn. Ti hóró ẹ̀jẹ̀ pupa yàtọ̀. Kó tó jáde sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ti gbé ìwé ìlànà tirẹ̀ sọnù, kí àyè lè gbà á láti ru ẹrù. Ó wá dà bí awakọ̀ tó fẹ́ lọ sí Sókótó lójú ọ̀nà tí kò sí mẹkáníìkì kankan. Irinṣẹ́ tó bá gbé sínú bùútù láti ilé nìkan ló máa lò títí dé ibi tó ń lọ.

Kí ni irinṣẹ́ náà? Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ohun kan tí ọ̀jọ̀gbọ́n Frederick Gowland Hopkins ti Yunifásítì Cambridge sọ lórúkọ ní 1921: glutathione. Bí oró bá dé, glutathione ló máa ń lọ pàdé rẹ̀, á gba ìpẹtà náà sí ara tirẹ̀ kí purotéènì lè bọ́. Kódà, purotéènì tí ìpẹtà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ó lè bá a nù ún kúrò. Ṣùgbọ́n aṣọ ìnulẹ̀ tó bá ti dọ̀tí, ẹ ní láti fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó tún fi nulẹ̀, àbí? Bẹ́ẹ̀ ni glutathione. Agbára tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, inú ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń wá, òṣìṣẹ́ tó sì ń ṣílẹ̀kùn agbára náà ni G6PD. Àwọn hóró yòókù nínú ara ní ilẹ̀kùn mìíràn tí wọ́n lè gbà. Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa kò ní ju ẹyọ kan yìí lọ. Bí G6PD kò bá tó, glutathione á dọ̀tí, kò ní sí ẹni tí yóò fọ̀ ọ́, ìpẹtà á sì gba ilé.

KÓKÓ TÍ HEINZ RÍ

Ní ọdún 1890, dókítà ará Jámánì kan, Robert Heinz, fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹran tó fún ní kẹ́míkà olóró. Ó rí àwọn kókó róbótó kéékèèké nínú hóró ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Títí dòní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àwọn kókó náà. Ohun tí Heinz ń wò nígbà náà ni hẹmoglóbíìnì tó ti dípẹtà, ṣùgbọ́n ó ku ọgọ́ta ọdún ó lé kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí yóò fi í ṣe.

Láàárín ọdún 1920 sí 1930, àwọn ará Jámánì tún ṣe oògùn ibà kan tí a wá mọ̀ sí pamaquine. Oògùn gidi ni. Kòkòrò ibà tí quinine kò lè bá, ó ń bá a. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń lò ó káàkiri, wọ́n rí i pé ó ń ṣe àwọn kan bákan. Ojú wọn á pọ́n, ìtọ̀ wọn á dúdú bí omi kọfí, èémí wọn á máa gún. Ẹ̀jẹ̀ wọn ló ń fọ́. Ẹni tó sì sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tó lo ìwọ̀n oògùn kan náà, á dìde, á sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kí ló fà á? Ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ogun ló sọ ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú. Ní 1942, àwọn ará Japan gba erékùṣù Java, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú èèpo igi quinine ayé ti ń wá. Àwọn sọ́jà Amẹ́ríkà sì wà nínú igbó àwọn erékùṣù Pacific, ibà ń dá wọn gbalẹ̀ bí ẹni ń gé koríko. Ìjọba Amẹ́ríkà ní kí àwọn dókítà wá oògùn mìíràn kíákíá. Ní 1944, àwọn dókítà Yunifásítì Chicago wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Stateville, nítòsí ìlú Joliet ní ìpínlẹ̀ Illinois. Dókítà Alf Alving ni olórí wọn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹlẹ́wọ̀n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn gbà. Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn tó ní kòkòrò ibà jẹ wọ́n, ibà mú wọn, àwọn dókítà wá ń dán oríṣiríṣi oògùn wò lára wọn.

Nínú gbogbo oògùn tí wọ́n dán wò, primaquine ló mókè. Kòkòrò ibà tó sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀, tó ń dúró de ìgbà tí yóò tún jáde, primaquine máa ń bá a níbẹ̀. Nígbà tí ogun Korea dé láàárín 1950 sí 1953, òun ni wọ́n ń fún àwọn sọ́jà tó ń padà bọ̀ wálé nínú ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n ẹbí ni primaquine àti pamaquine. Ìṣòro àtijọ́ tún yọjú: bí 1 nínú ọkùnrin dúdú 10 ní Amẹ́ríkà ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń fọ́ bí wọ́n bá lò ó.

HÓRÓ ÀLEJÒ ÀTI HÓRÓ ONÍLÉ

Ní Stateville níbẹ̀ náà ni wọ́n ti wá ìdí rẹ̀. Dókítà mẹ́ta ló wà nídìí iṣẹ́ náà: Raymond Dern, Ernest Beutler àti Alving fúnra rẹ̀. Beutler kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Jámánì ni wọ́n bí i sí. Júù ni àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì gbé e sá kúrò níbẹ̀ nítorí Hitler.

Ohun tí wọ́n ṣe kò le láti lóye. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n dúdú kan tí primaquine ń bá jà. Wọ́n fi kẹ́míkà kan tó ń ta ìtànṣán sàmì sí àwọn hóró inú rẹ̀, kí wọ́n lè máa tọ ipasẹ̀ wọn. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà sí ara ẹlòmíràn tí primaquine kì í ṣe ní nǹkan kan, wọ́n wá fún ẹni yìí ní primaquine. Kí ló ṣẹlẹ̀? Hóró àlejò fọ́, hóró onílé kò mira. Wọ́n tún yí i padà: wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹni tí oògùn kì í bá jà sí ara ẹni tó ń bá jà. Lọ́tẹ̀ yìí, hóró onílé ń fọ́, hóró àlejò wà láàyè rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn náà jáde ní 1954, àríyànjiyàn parí. Ẹjọ́ kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀, kì í ṣe ti oúnjẹ, kì í ṣe ti ojú ọjọ́. Inú hóró ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ni àléébù wà.

Wọ́n tún rí ohun ìyanu mìíràn. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n kan bá fọ́ débì kan, á dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, ara rẹ̀ á sì máa bọ̀ sípò bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń lo oògùn ọ̀hún. Ìdí rẹ̀ ni pé hóró tó ti gbó nìkan ni ìpẹtà ń pa. Ọ̀dọ́ hóró ṣì ní G6PD díẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá ṣe ń dàgbà ni èyí tó gbé wá láti ilé ń tán. Ẹ rántí awakọ̀ wa àti irinṣẹ́ inú bùútù rẹ̀.

Beutler kò dúró níbẹ̀. Ó fi kẹ́míkà kan pò mọ́ ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò, ó sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tí oògùn ń bá jà máa ń kún fún kókó tí Heinz rí ní 1890. Ó wọn glutathione inú rẹ̀, ó bá a pé kò tó ti àwọn yòókù. Ọ̀nà ti ń yọ. Ní 1956, Paul Carson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Alving wà nínú wọn, wá tẹ ìdí ìkòkò náà: G6PD ni kò tó. Láti ọjọ́ tí Heinz ti rí kókó sí ọjọ́ tí wọ́n mọ ìdí rẹ̀, ọdún 66.

TA LÓ SAN OWÓ RẸ̀?

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹjọ́ àwọn dókítà Hitler ní Nuremberg ní 1946 àti 1947, àwọn agbẹjọ́rò wọn nàka sí Stateville. Wọ́n ní, “Ṣé ẹ̀yin náà kò dán nǹkan wò lára ẹlẹ́wọ̀n ni?” Àwọn ará Amẹ́ríkà fèsì pé ti àwọn yàtọ̀, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tiwọn fọwọ́ síwèé fúnra wọn. Òótọ́ ni pé ó yàtọ̀. Àwọn dókítà Hitler kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì pa ènìyàn nípa ìkà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn odi, tí wọ́n fún ní owó táṣẹ́rẹ́, tó sì ń retí pé bóyá wọ́n á bá òun dín ọdún ẹ̀wọ̀n kù, báwo ni “bẹ́ẹ̀ ni” rẹ̀ ṣe lè jẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni” òmìnira? Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà pẹ́ títí. Ní 1974, wọ́n fòpin sí ìdánwò ibà ní Stateville. Orúkọ àwọn dókítà wà nínú ìwé. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n dúdú tí ẹ̀jẹ̀ wọn fọ́ kí àwa lè ní ìmọ̀, ta ló ń dárúkọ wọn?

Ó WỌ ÌBÀDÀN

Kò pẹ́ lẹ́yìn 1956 tí wọ́n fi rí i pé kì í ṣe àwọn dúdú nìkan ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Ní Sardinia, ní Gíríìsì àti káàkiri etí òkun Mẹditaréníà, àwọn kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń fọ́ bí wọ́n bá jẹ irú ẹ̀wà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní fava. G6PD tiwọn náà ni kò tó. Ó wà ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ó wà ní Éṣíà. Wọ́n fojú bù ú pé ó kan nǹkan bí 400 mílíọ̀nù ènìyàn ní gbogbo ayé. Bí a bá sì ya àwòrán ibi tí ó pọ̀ sí, tí a fi lé àwòrán ibi tí ibà ti ń pa ènìyàn láti ayébáyé, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu tán. Àwọn dúdú Amẹ́ríkà náà, láti Áfíríkà níbí ni àwọn baba ńlá wọn ti gbé e lọ.

Ṣé kì í ṣe pé ohun tó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ yìí ló ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ibà? Ìbàdàn ni wọ́n ti rí ẹ̀rí tó lágbára. Dókítà ará Ítálì kan, Lucio Luzzatto, dé Yunifásítì Ìbàdàn ní 1964, ó sì lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Ọgbọ́n tó lò, ara obìnrin ló ti wá a. Ìlànà G6PD máa ń wà lórí ohun tí wọ́n ń pè ní X. Ẹyọ kan ni ọkùnrin ní, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì ti gbà á. Méjì ni obìnrin ní. Ní 1961, obìnrin onímọ̀ ará Ìlú Ọba kan, Mary Lyon, sọ pé nínú hóró kọ̀ọ̀kan lára obìnrin, ọ̀kan nínú méjèèjì máa ń sùn. Nítorí náà, obìnrin tí ọ̀kan rẹ̀ dára, tí ọ̀kan kò dára, á ní oríṣi hóró méjì nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà, bí àgbàdo tó ní hóró funfun àti hóró pupa lórí ṣùkù kan.

Luzzatto pẹ̀lú Usanga àti Reddy wá wo ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ tí ibà mú ní Ìbàdàn. Ara kan náà, ẹ̀fọn kan náà, ibà kan náà. Ibo ni kòkòrò ibà pọ̀ sí? Ìdáhùn wọn jáde ní 1969: kòkòrò ibà tó wà nínú hóró tó ní G6PD fi ìlọ́po 2 sí ìlọ́po 80 ju ti inú hóró tí kò ní in lọ.

Àlàyé rẹ̀ kò jìnnà. Hẹmoglóbíìnì ni kòkòrò ibà ń jẹ, bó sì ti ń jẹ ẹ́ ló ń da oró ìpẹtà sílẹ̀ nínú yàrá tó ń gbé. Bí yàrá náà kò bá ní agbára àtúnṣe, ilé á wó lé àlejò lórí kó tó bímọ. Ohun tí ń pa onílé lára díẹ̀ ló ń pa olè. Ìdí nìyẹn tí kò fi parẹ́ láàárín wa.

ỌMỌ TUNTUN ÀTI KÁŃFỌ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ilé oníkálukú wa rè é o. Ẹ̀jẹ̀ tó bá fọ́, ó ní nǹkan pupa rúsúrúsú kan tó ń dà sílẹ̀, tí ẹ̀dọ̀ ń kó dànù. Òun ló ń mú kí ojú pọ́n. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì gbó tó láti kó o bí àgbàlagbà ti ń kó o. Bó bá pọ̀ jù, ó ń wọ inú ọpọlọ. Ọmọ á sùn, kò ní fẹ́ mu ọmú, igbe rẹ̀ á yí padà, ọrùn rẹ̀ á máa fà sẹ́yìn. Nínú àwọn tí kò bá kú, àwọn kan á di adití, àwọn mìíràn kò ní lè rìn, wọn kò ní lè jókòó. A ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa, a sì ń wí pé ayé ló ṣe é.

Láti 1963 ni àwọn dókítà ti kọ̀wé nípa G6PD àti ibà pọ́njú ọmọ tuntun ní Nàìjíríà. Láàárín 1980 sí 1990, àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ wa kọ ọ́ léraléra pé àwọn kẹ́míkà inú ilé wà lára ohun tó ń dá kún un, wọ́n sì dárúkọ káńfọ̀, bọ́ọ̀lù funfun tí à ń jù sínú àpótí aṣọ. Naphthalene ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Òórùn rẹ̀ ń gba imú wọlé, ó ń gba ara wọlé, bó bá sì dénú ara, á di ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dípẹtà gẹ́gẹ́ bíi primaquine.

Ẹ wá wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ìyá ọmọ kó aṣọ àkọ́bí rẹ̀ pa mọ́, ó fi káńfọ̀ sí i kí aáyán má baà jẹ ẹ́. Ọdún méjì kọjá, ọmọ kejì dé. Ó ṣí àpótí, ó mú fìlà àti ṣáálì, ó fi wé ọmọ tuntun. Ìfẹ́ ni, ìtọ́jú ni, kì í ṣe àìbìkítà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá wà lára àwọn tí G6PD wọn kò tó, oró ló fi wé e.

Ẹ má fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ rárá. Bí ojú ọmọ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n, kì í ṣe oòrùn àárọ̀ ló kàn, kì í ṣe omi glúkóòsì, kì í ṣe àgbo. Ọsibítù ló kàn, lọ́jọ́ náà gan-an. Iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ sí lábẹ́, láti 1958 ni àwọn dókítà ọsibítù Rochford ní England ti kọ̀wé nípa rẹ̀, lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì kan, Jean Ward, ṣàkíyèsí pé ara ọmọ tí òun gbé síta kò pọ́n mọ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tàn sí i. Ṣùgbọ́n oòrùn ẹ̀yìnkùlé lásán kì í tó. Bí ọ̀ràn bá le, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Ọmọ tí wọ́n bá tètè gbé lọ, yóò yè, orí rẹ̀ yóò sì pé.

KÍ A BÈÈRÈ KÍ A TÓ GBÉ E MÌ

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìtàn àtijọ́ ni gbogbo èyí, kó gbọ́ ti Lapdap. Oògùn ibà ni, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2003 nítorí Áfíríkà gan-an. Owó rẹ̀ kò wọ́n. Ṣùgbọ́n dapsone wà nínú rẹ̀, dapsone sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dípẹtà. Ní 2008, wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ, nítorí pé ó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí G6PD wọn kò tó. Ó lé ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn Stateville! Wọ́n kọ́gbọ́n díẹ̀ ṣá. Nígbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí tafenoquine, àbúrò primaquine, ní 2018, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò ó láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ G6PD rẹ̀ wò.

Àyẹ̀wò AA, AS àti SS tí à ń ṣe kí a tó ṣègbéyàwó kò lè fi èyí hàn. Ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá ti dúdú rí lẹ́yìn tó lo oògùn, tàbí tó bí ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n gidigidi, kó sọ fún dókítà kó bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá sọ pé kò tó, kó kọ ọ́ síbi tí yóò ti máa rí i, kó sì máa sọ ọ́ fún gbogbo olóògùn kó tó ra nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Kí bàbá má sì torí rẹ̀ bínú sí ìyá pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọkùnrin ti gbé e wá. Ohun kan náà tí ìyá fún un ló ran àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ láti la ibà já. Àìsàn kọ́ ni, ẹ̀gbin kọ́ ni. Èèwọ̀ ni, ẹni tó bá sì mọ èèwọ̀ rẹ̀ ni kì í jẹ ẹ́.